Clyde Brungart, Ọ̀tá Ayùn

Ọjọ́ tí Clyde Brungart yọ ahọ́n lá ìbọn ni òkìkí rẹ̀ kàn. Bí a bá gba ti gbogbo àwọn tó ń sọ pé ojú àwọn ló ṣe, èrò tó wà nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná Pine Hollow lọ́jọ́ ọjà ìbọn náà ìbá ti ti ògiri wó. Ṣùgbọ́n Verna, ìyàwó rẹ̀, wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Òun ló gbé abọ́ ẹyin sísè tí wọ́n rẹ ní pupa dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú sì tì í débi pé ó jẹ gbogbo ẹyin inú abọ́ náà tán láìmọ̀.

Ìbọn ogun àtijọ́ ni, Springfield, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé kọ́ èjìká lọ sí ogun àgbáyé kìíní. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ń búra pé ojúlówó ni, pé kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan padà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kúrò ní bárékè. Clyde gbé ìbọn náà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ìka tọ òǹtẹ̀ ìjọba tó wà lára igi rẹ̀, ó bọ́ awò ojú, ó tún fi í sójú. Lẹ́yìn náà ó yọ ahọ́n, ó sì lá ìdí ìbọn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ọmọdé tó ń lá áísìkirímù.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè.

"Mò ń bi í léèrè ọ̀rọ̀."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òróró tí àwọn ológun fi ń pa igi kì í rí báyìí lẹ́nu. Fáníìṣì ni wọ́n fi kùn ún, kò sì tíì pẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀. "Ìyá mi ló kùn ún."

"Bá mi kí wọn," ni Clyde wí, ó sì gbé ìbọn náà padà sórí tábìlì jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ wọn mọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun."

Ní àwọn òkè Pennsylvania tí Pine Hollow wà, agbára káká ni a fi lè rí ilé tí kò ní ìbọn ogun kan nínú. Nígbà tí ogun parí, ìjọba tà wọ́n lọ́pọ̀, àwọn ọdẹ sì rà wọ́n bí ẹni ń ra ànàmọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n ṣe fún ọmọ ogun gùn, ó sì wúwo, igi bo ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọ igbó yóò mú ayùn, yóò gé igi iwájú dànù, yóò gé díẹ̀ lára ọ̀pá, yóò sì lu ihò sórí irin rẹ̀ kí ó lè de awò mọ́ ọn, awò gígùn tí í fa ẹran ọ̀nà jíjìn wá sí ojú. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú èyí, àfi Clyde.

"Igi ṣeé pààrọ̀," ni ó máa ń wí fún ẹni tó bá dúró gbọ́, àti fún ẹni tí kò dúró pàápàá. "Igi tí wọ́n gé, a lè wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n bá ti lu ihò sí, ó parí. Ẹ lọ sin ín." Pásítọ̀ wọn sọ nígbà kan pé bí Clyde bá ń gbàdúrà fún ẹlẹ́ṣẹ̀, àwọn tó gé ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà kí ó tó kan àwọn apànìyàn.

Ẹni tó sì gé ìbọn jù ní gbogbo àgbègbè náà ni Merle Confer, alágbẹ̀dẹ ìbọn, ọ̀rẹ́ Clyde láti kékeré. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ dojú kọ ilé Clyde gan-an. Láàárọ̀ tí Clyde bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti mu kọfí, ìró ayùn Merle ló fi ń mu ún.

"Ogun ti parí, Clyde," ni Merle máa ń ké láti òdìkejì títì. "Àgbọ̀nrín ò mọ òǹtẹ̀."

"Ìdí tó fi jẹ́ ẹran nìyẹn," ni Clyde máa ń fèsì.

Ìjà kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àwọn méjèèjì ká, oúnjẹ ọ̀sán ló fà á. Clyde mọ ọjà á ná. Ọgbọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé jù ni pé kí ó ná ọjà dé àárín, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì yíjú kúrò bí ẹni tí kò rà mọ́. Olùtà yóò pè é padà. Ó wá di ọjọ́ tí opó kan gbé Springfield ọkọ rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn panápaná láti òkè àjà. Ayùn kò kan ìbọn yìí rí, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sì hàn kedere bíi pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí Clyde ti gbé e, Verna rí i pé ọkọ òun kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Rà á kí a máa lọ," ni Verna sọ sí i létí.

"Máa wò ó," ni Clyde wí. Ó ná an dé àárín, ó mí kanlẹ̀, ó yíjú kúrò, ó sì lọ jókòó ti búrẹ́dì ẹlẹ́ran ní kọ̀rọ̀ kan kí opó náà lè ráyè pè é.

Opó náà kò pè é. Merle ló ń kọjá lọ, ó béèrè iye tó ń tà á, ó san án láìná, ó sì gbé e lọ. Kí Clyde tó gbọ́, ayùn ti ṣiṣẹ́ rẹ̀: igi iwájú ti lọ, ọ̀pá ti kúrú, ihò ti wà lórí irin.

"O pa á," ni Clyde wí lẹ́nu ọ̀nà Merle.

"Mi ò mọ̀ pé o ṣì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní o lọ jẹun."

Gbogbo ìgbà òtútù ọdún yẹn ni Clyde kò fi bá Merle sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Merle ni wọ́n jọ ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ti Clyde kì í fẹ́ rìn nínú yìnyín. Verna ni wọ́n fi sáàárín.

"Verna, bá mi sọ fún ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ yìí pé afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé rẹ̀."

"Verna, sọ fún ọkọ rẹ pé fèrèsé wà ní títì. Òtútù tó ń mú un, inú rẹ̀ ló ti ń wá."

"Verna, sọ fún un pé—"

"Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni," ni Verna wí. "Ẹ ń gbọ́ ara yín kedere, etí mi lẹ kàn fi ṣe afárá."

Nígbà tí yìnyín yọ́, Clyde gbàgbé ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó dá Merle lóhùn tààrà lórí ọ̀rọ̀ ẹja pípa. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí bó ṣe lè tún bẹ̀rẹ̀ ìbínú náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Merle kò ta ìbọn tó gé náà fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e kọ́ ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀, Clyde sì kọ́ bí a ti ń wọ ilé iṣẹ́ náà, kí a jókòó, kí a mu kọfí tán, láìwo apá ògiri yẹn.

Ọ̀rọ̀ gígé kò sì mọ sórí ìbọn nìkan. Àwọn ọdẹ Pine Hollow ní ahéré kan lórí òkè tí wọ́n jọ ń sùn sí nígbà tí ìjọba bá ṣí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín. Òfin ibẹ̀ ti dàgbà ju ahéré náà lọ: ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tó sì tàsé, bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, wọn yóò mú àlùmọ́gàjí, wọn yóò gé etí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọn yóò sì kàn án mọ́ ògiri. Ẹ̀wù pásítọ̀ wà níbẹ̀. Ti Merle kò mọ ní ẹyọ kan. Orúkọ méjì péré ni kò sí lórí ògiri náà: ti Verna, nítorí pé kò tàsé rí, àti ti Clyde, tó ń tàsé ju gbogbo wọn lọ.

Ojú Clyde ti ń ṣe bàìbàì, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni de awò mọ́ ìbọn òun, nítorí ihò. Nítorí náà ọdọọdún ló ń yìn, ọdọọdún ni àgbọ̀nrín ń lọ láyọ̀. Ọdọọdún ló sì ń wọ ẹ̀wù kan náà, ẹ̀wù nínípọn onírun àgùntàn, pupa òun dúdú, tí Verna rà fún un lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra.

"O tàsé, Clyde."

"Mi ò tàsé. Ibi tí mo yìn ín sí ni ọta lọ. Àgbọ̀nrín ni kò sí níbẹ̀."

"Mú ẹ̀wù wá."

"Ẹ̀wù yìí wà bó ti ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Ẹ ò gé ojúlówó, ẹ̀yin ará yìí. Ẹ bọ̀wọ̀ fún nǹkan."

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ fi agbára gé e, ó jáde nínú ìjà náà pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́wọ́, ó sá sínú yìnyín ní ìhòòhò dé ìbàdí, ó sì dúró sẹ́yìn òkìtì igi ìdáná, ó ń ka àdéhùn tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. Merle ló gbé kúbùsù jáde lọ fún un. Ó ní òun kò gbà pé Clyde jàre, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé òkú rẹ̀ fún Verna.

Lẹ́yìn náà ni èjìká Verna bàjẹ́. Ó já bọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń ká ápù, dókítà sì tún èjìká náà ṣe dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó gbé Springfield rẹ̀ lé èjìká láti dán ara rẹ̀ wò. Ìbọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé. Ó gbé e padà sí àyè rẹ̀.

"Ó tán nìyẹn," ni ó wí. "Màá máa bá yín se oúnjẹ ní ahéré."

"Ìwọ?" ni Clyde wí. "Ìwọ tí omi gbígbóná pàápàá máa ń jóná mọ́ lọ́wọ́?"

"Ṣé mo lè gbé ìbọn yìí ni? Àfi kí n ní kúkúrú, Clyde. Fífúyẹ́. Irú èyí tí wọ́n ti gé."

Clyde fi ṣíbí ro kọfí rẹ̀ títí ó fi tutù. Níkẹyìn ó ní, "A óò ra èyí tí ẹlòmíràn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ tiwa."

Ó lọ sí ọjà ìbọn, ó sì gbé ọ̀kan bọ̀, fífúyẹ́ bí Verna ti fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó tan iná sí i dáadáa, ó rí i pé igi nìkan ni wọ́n gé. "Kò sí ihò lára irin rẹ̀, Verna," ni ó wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó ṣì ń mí." Ó wá igi àtijọ́ fún un, ó pa á ní òróró, ó dá gbogbo nǹkan rẹ̀ padà, ìbọn náà sì tún wúwo, Verna kò sì lè gbé e. Clyde padà sí ọjà. Ó gbé òmíràn bọ̀. Èyí náà ṣì ń mí.

"Mo rán ọ lọ ra ìbọn tí mo lè gbé," ni Verna wí, "o ń kó ọmọ òrukàn wálé."

Kò bá a jà. Ohun tó dun Clyde nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ń gbé pákó gun òkè láti tún òrùlé ahéré ṣe, Verna dúró lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ kan di èjìká rẹ̀ mú, ó ń wò wọ́n. Clyde wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà, ó sì dá títì kọjá. Verna tẹ̀ lé e kí wọ́n má baà tún jà, kí wọ́n sì padà máa gba etí òun bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Merle."

"Clyde."

"Èyí tó wà lára ògiri yẹn." Clyde kò wò ó. "Èló ni?"

"Kì í ṣe títà."

Clyde ṣe bí ẹni fẹ́ jiyàn, ó sì gbé e mì. "Verna ni mo fẹ́ rà á fún."

Merle wo èjìká Verna. Ó dìde, ó gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀, ó nà án sí Clyde. "Mi ò fẹ́ owó rẹ. Gbé e lé èjìká. Wò ó dáadáa, kí o sì sọ bó ṣe rí fún mi. Ohun tí mò ń tà á nìyẹn."

Clyde gbé e lé èjìká. Ó fi ìka tọ ibi tí igi mọ, ó fi ìka tọ ẹnu ọ̀pá.

"Kò burú," ni ó wí.

"Fi kún un."

"Ó dára díẹ̀."

"Clyde, opó yẹn gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi. Fi kún un."

"Ó dára."

"A ò tíì dé àárín."

Ìwà ni ìwà. Clyde gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì yíjú sí ọ̀nà láti máa lọ. Merle kò pè é padà. Ṣùgbọ́n Verna ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì yà fún un. Wọ́n wo ara wọn. Clyde yí padà.

"Ó fúyẹ́," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibi tó yẹ kó ti fúyẹ́ ló ti fúyẹ́. O gé ọ̀pá yẹn gún débi pé èèyàn á rò pé kò gùn jù bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wọlé síbí láìwò ó, mò ń wò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, Merle."

Merle wúkọ́. Ó wá nǹkan kan lórí tábìlì tí kò sí níbẹ̀. "Mo tà á," ni ó wí.

Ṣùgbọ́n Clyde kì í ra ohun tí kò tọ́ wò. Ó yọ ahọ́n, ó lá ìdí ìbọn náà. Ó dúró. Ó tún lá a.

"Òróró ológun ni," ni ó wí.

"Ọdọọdún ni mo ń fi pa á," ni Merle wí. "Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o máa lá a."

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọdẹ ṣí ni Verna fi ìbọn náà pa akọ àgbọ̀nrín ńlá kan. Clyde tàsé. Ní alẹ́, ó jiyàn títí àlùmọ́gàjí fi padà sínú àpótí, àyè rẹ̀ lára ògiri sì ṣófo síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń yangàn jù nínú ahéré náà. Ẹni tó bá wọlé, yóò gbé ìbọn Verna lé e lọ́wọ́. "Gbé e wò. Ó ti kú, kò sí àdúrà tó lè jí i, ṣùgbọ́n gbé e wò bó ṣe fúyẹ́."

Nígbà tí yìnyín ọdún kejì yọ́ ni Clyde kú, lórí àga rẹ̀, àkísà òróró lórí itan rẹ̀ àti ọmọ òrukàn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò tó wá síbi ìsìnkú náà pọ̀, lọ́tẹ̀ yìí kò sì sí àbùmọ́ nínú rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan tí Verna kò mọ̀ rí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni mo kun ìbọn ọmọ mi ní fáníìṣì," ni ó wí. "Wọ́n ní ó ní ọwọ́ mi mọ́." Merle ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wo pósí náà, ó ní, "Ẹyọ kan ni wọ́n ṣe, kò sì sẹ́ni tó rí i gé," ó sì jókòó.

Nígbà tí ọdẹ tún ṣí, Verna gun òkè. Ìbọn kúkúrú náà wà léjìká rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀wù pupa òun dúdú Clyde sábẹ́ àwọ̀lékè ọdẹ rẹ̀, ó ká apá rẹ̀ sókè. Kí oòrùn tó ga, wọ́n gbọ́ ìró ìbọn kan. Nígbà tí Merle dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó lórí kùkùté, kò sí ẹran nílẹ̀.

"Mo tàsé," ni Verna wí.

Merle wo ẹsẹ̀ akọ àgbọ̀nrín nínú yìnyín, ìtòsí tí èèyàn lè sọ bàtà dé. Ó gbójú sókè, ó rí ibi tí ọta wọ̀ lára igi, gíga ju orí ẹnikẹ́ni lọ. "Ibí ni ẹran náà dúró sí?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ibí gan-an?"

"Merle, mo ní mo tàsé."

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ mú àlùmọ́gàjí. Gbogbo wọn ló mọ ẹ̀wù náà. Verna fúnra rẹ̀ ló dìde lọ mú un wá, ó sì fi í sọ́wọ́ Merle.

"Kò pọndandan, Verna. Èjìká rẹ ló fà á."

"Òfin ni òfin. Gé e."

Merle, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gé igi àti irin láìgbọ̀n, gé aṣọ náà wọ́gọwọ̀gọ. Verna bojú wẹ̀yìn. "Clyde ìbá ní kò gún," ni ó wí, àwọn ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Merle tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó mú ìkọ̀wé. Ó dúró. "Orúkọ ta ni kí n kọ sí i?"

"Kọ ti ẹni tó ni ẹ̀wù."

Merle kọ ọ́, ó sì kàn án mọ́ àyè tó ti ṣófo láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó jókòó. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n kọ etí sí ìta, bí ẹni tó ń retí kí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láti ẹ̀yìn òkìtì igi ìdáná.